Odò Gbígbẹ Mẹ́ta

Aṣọ tútù ni Ìbíyẹmí fi ń nu ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ tẹ̀rẹ́. Ó dúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń wẹ ojú yìí, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ: á bọ́ sínú ilà àkọ́kọ́, á jáde, á bọ́ sínú èkejì, á jáde, títí á fi kan etí. Láàárọ̀ yìí, kò sí ibi tí ọwọ́ bọ́ sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́ bí inú àwo tánńganran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ó yí orí ìyá náà sí ojú fèrèsé. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Pélé mẹ́ta mẹ́ta tó wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe ìyá rẹ̀ ti lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ibi tó wú. Àfi bí ẹni pé abẹ kò kan ibẹ̀ rí.

"Kí ló dé tí o fi dákẹ́?" ni Màámi wí. "Àbí mo ti kú ni?"

"Ẹ ò kú, Màámi."

"Tí n kò bá kú, parí ojú mi, omi ń ro sí mi láyà. Ta ló tún gbé iná síwájú mi láàárọ̀ kùtù báyìí?"

"Kò sí iná níbí. Oòrùn ni."

"Oòrùn?" Ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè síwájú ojú, ó na ìka, ó ká wọn kò. Ó tún na wọ́n. "Àwẹ̀ró," ó rọra pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan náà gbọ́ kí ó sì sá lọ. "Mo ń rí ìka mi."

Ìbíyẹmí tẹ̀ mọ́ ọn. Funfun tó ti bo ẹyinjú méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá sórí òkè yìí ti wọ́ sẹ́yìn, dúdú sì ti yọ láàárín, ó ń kọ mànà bí èso iṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó yẹ kí ó pariwo ayọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣèèṣì kan ife tó wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ife náà ti fọ́ lánàá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá àfọ́kù rẹ̀ jọ sórí ẹní bí òfin ṣe wí, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn Wínníwínní, àwọn tíntìntín tí ń fi òru tún ohun tó bá fọ́ tàbí tó là ṣe, lè bá a níbẹ̀. Ó ti pé padà báyìí, kò ní ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ó sì ń dán bákan náà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀.

Ìbíyẹmí fi ẹsẹ̀ ti ife náà sẹ́yìn.

Kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí Rísìkátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn wọlé láìkan án, kámẹ́rà lọ́rùn rẹ̀ bí àṣà.

"Ọ̀gá wa! Asúnmọ́-má-mì! Èmi ni mo wá kí ọ o, kí o tó di ẹni tí a kì í rí mọ́." Ó jókòó sórí àpótí láìdúró kí wọ́n ní kó jókòó. "Ṣé o ti dé ìdí Ògiri láàárọ̀ yìí? Àwọn Wínníwínní ti kọ̀wé sábẹ́ àwòrán rẹ gàdàgbà. Wọ́n ní àwọn ti tún òkè ṣe, ó ku ìsàlẹ̀. Mo ní ìsàlẹ̀ kí ni? Ahun ni ọ́, Ìbíyẹmí. O ò sọ ibi tí o ti rí ilẹ̀ tó sán yẹn fún wa, àwọn Wínníwínní ti wá gbọ́ ọ ṣáájú wa."

"Kì í ṣe ilẹ̀," ni Ìbíyẹmí wí.

"Kí ni, kí ni?"

Ìbíyẹmí kàn sún kúrò níwájú bẹ́ẹ̀dì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí.

Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn bíi mélòó kan ní Àgọ́-Tuntun tó ní awò tí í sún mọ́ nǹkan ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: ẹ ya ohun tó wà nílé yín, ẹ sún mọ́ ọn débi pé ẹnikẹ́ni kò ní dá a mọ̀, kí ẹ gbé e sórí Ògiri tó wà láàárín ìlú kí gbogbo ayé máa méfò. Rísìkátù ya irun ara ilá, wọ́n ní igbó ni. Ó ya ẹnu èèrà, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi. Ìbíyẹmí ya hóró iyọ̀, ó ya ìpẹtà, ó ya búrẹ́dì tó ti bu. Ohun tó gbó ni ó fẹ́ràn jù, nítorí ó ṣọ̀wọ́n. Ní ìlú tí nǹkan kan kì í ti í gbó, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí ibi tó là?

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀. Ó fi òróró pa á kó lè dán, ó dúró de oòrùn ìrọ̀lẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì tẹ orí bò ó títí èémí rẹ̀ fi ń kan awọ ojú Màámi. Màámi ń sọ ìtàn tó máa ń sọ nígbàkígbà tí ọwọ́ bá ti kan ibẹ̀: bí ìyá tirẹ̀ ṣe há a mọ́ àárín orúnkún, bí olóólà ṣe ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ kan, bí omi ìgbín tí wọ́n ro sójú egbò ṣe tutù, bí òun ṣe gé ìyá òun jẹ lápá tí ìyá òun kò sì lu òun. Ìbíyẹmí ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wò. Odò Gbígbẹ Mẹ́ta ló sọ àwòrán náà. Wọ́n ní èèpo igi ni, wọ́n ní ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kò sẹ́ni tó méfò pé èèyàn ni. Inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Rísìkátù ti fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi lo gbé sórí Ògiri?"

"Mo rò pé wọn ò ní dá a mọ̀."

"Wọn ò dá a mọ̀ náà ni! Òun gan-an ni wàhálà. Wínníwínní ò lójú, àwòrán wa ni ojú wọn. Ohun tó bá ti là nínú àwòrán, ẹ̀sùn ni lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á wá a kàn. Ká ní wọ́n rí imú ni, ká ní wọ́n rí ẹnu, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn ni, wọ́n á yà fún un bí òfin ṣe wí. Ìwọ wá sún mọ́ èèyàn títí kò fi jọ èèyàn mọ́."

"Rísìkátù nìyẹn?" Màámi ń ṣẹ́jú wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. "Ìwọ lo sanra tó báyìí? Gbogbo ìgbà tí ò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, mo rò pé ọmọ tín-ín-rín kan ni. Ohùn rẹ ń purọ́ mọ́ ọ."

Rísìkátù bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. "Màámi, ẹ ń ríran!"

"Mò ń ríran. Ọmọ mi ló dúró sọ́hùn-ún bí ẹni tó rí iwin."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ohun tí Wínníwínní bá tún ṣe kì í rántí. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n bá tún ṣe kì í dún bó ṣe máa ń dún mọ́, ìkòkò tí wọ́n bá tún ṣe á gbàgbé ọbẹ̀ tí wọ́n ti ń sè nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni.

"Màámi, ta ló kọ yín nílà?"

"Ilà wo?"

"Ilà ojú yín. Olóólà tó ní ìka mẹ́fà."

Màámi fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣàwàdà tí kò yé e. "Wọn ò kọ mí nílà, Àwẹ̀ró. Ṣé o rí ilà lójú mi ni?"

Ìbíyẹmí ká aṣọ ìyá rẹ̀ sókè dé orúnkún. Àpá ńlá kan wà níbẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí Màámi, nígbà èwe rẹ̀, gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n tó sì ṣubú sórí òkúta. Orúnkún náà ti ń dán. "Àdìgún ńkọ́?"

"Ta ni Àdìgún?"

Kò sí ọjọ́ kan tí ìyá yìí kì í pe orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Rísìkátù, tó ti ń gbọ́ orúkọ náà láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀nà ilé yìí, dìde kúrò lórí àpótí, ó lọ fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn.

Ó ku ìsàlẹ̀. Ìbíyẹmí mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀. Ó rọra ṣí ikùn ìyá rẹ̀, ó gbé awò sójú, ó tẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe máa ń tẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Àpá ibi tí wọ́n ti fi abẹ gbé òun Ìbíyẹmí jáde ṣì wà níbẹ̀, ó gùn, ó wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n létí àpá náà, lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀, nǹkan funfun kan tò lọ bí iyọ̀ tó kù sétí àwo. Wọn ò mira. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ó mú awò súnmọ́ sí i. Níbi tí òjìji orí rẹ̀ ti bọ́ lé wọn, wọ́n jọ dìde díẹ̀, wọ́n jọ wálẹ̀, bí ẹni tó mí sínú tó sì mí síta.

Ó da aṣọ bò ó. "Rísìkátù, dúró ti Màámi. Má jẹ́ kí wọ́n kúrò nínú oòrùn."

Nígbà tó dé ìdí Ògiri, ibẹ̀ dá. Àwòrán kún ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwòrán tirẹ̀ sì wà láàárín, ó tóbi tó ìlẹ̀kùn méjì. Odò mẹ́ta tó gbẹ, òróró ń kọ mànà létí wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Ìbíyẹmí," ni Ògiri wí. Ẹnu àwọn Wínníwínní ni; ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí kì í bínú. "Àwòrán yín dára púpọ̀."

"Mo fẹ́ mú un kúrò."

"A ti ń bójú tó ẹ̀sùn náà. Kí ló dé?"

"Kì í ṣe ẹ̀sùn. Èèyàn ni."

"A kò rí èèyàn níbẹ̀."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ni. Ilà ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ fún un ni, nígbà tó wà lọ́mọdé, kí wọ́n lè mọ ilé tó ti wá."

"Wọ́n mú ohun tó pé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ là á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe é?"

Ohùn náà kò fi Ìbíyẹmí ṣẹ̀sín. Ó fẹ́ mọ̀ ni, bí ọmọdé ṣe máa ń fẹ́ mọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ya á nìkan lẹ lè fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn," ni Ògiri ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bí ẹ bá tẹ́ ọwọ́ síbí tí ẹ ní èèyàn ni, a ó kó ara wa kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ilà náà, a ó dá a padà bó ṣe wà nínú àwòrán. Ohun tí kò sí nínú àwòrán, a kò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kò sí bí a ṣe lè dá a padà."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwa la wà nínú ojú náà tó fi ń ríran. Bí a bá kúrò, ó kúrò nìyẹn. Bí ẹ kò bá sì sọ nǹkan kan, a ó parí ìsàlẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú náà yóò sì máa ríran lọ. Kò ní sí ìdápadà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ lọ rò ó. A kì í kánjú."

Nígbà tó délé, Màámi ti wà níta lórí àtẹ̀gùn, ó gbé awò Rísìkátù sójú, ilá tútù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rísìkátù jókòó tì í, ó ń lé ẹ̀fọn kúrò lára rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, wá wo nǹkan! Ilá ní irùngbọ̀n! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gé e, kò sọ fún mi." Ó gbé awò kúrò, ó wo ilé tó tò lọ níwájú rẹ̀. "Báyìí ni ibí rí? Ìlú tí kò ní ibi tí ọmọdé fi ọwọ́ epo kàn lára ògiri. Ó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ibẹ̀."

Rísìkátù lọ sílé rẹ̀ láti jẹun. Ìbíyẹmí jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún ìyá rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: ilà, Àdìgún, ikùn, ojú. Màámi ń gbọ́, ó ń fi awò wo eékánná ara rẹ̀.

"Má lọ sọ nǹkan kan fún wọn," ló wí nígbà tó yá.

"Màámi, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ bí mi."

"Mo ti jókòó sínú òkùnkùn yẹn pẹ́. Ṣé o mọ ohun tó wà níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ ìyá mi níbẹ̀, mo mọ Àdìgún tí o ní mo ní yẹn, ó dá mi lójú pé mo mọ gbogbo wọn, ẹnì kankan nínú wọn ò wá bá mi jókòó." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. "Tí mo bá gbàgbé, ìwọ náà á gbàgbé ni? Àràárọ̀ ni kí o máa sọ fún mi: Màámi, èmi Àwẹ̀ró ni, ẹ̀yin lẹ bí mi. Màá wò ọ́, màá ní òótọ́ ni, ẹ wo iwájú orí burúkú yìí, tèmi ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò ní sọ fún mi ni?"

"Màá sọ fún yín."

"Ó tán."

Wọ́n wo nǹkan títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Wọ́n wo ìyẹ́ eṣinṣin, wọ́n wo gaàrí, ó dà bí òkúta iyebíye. Màámi ń pariwo sí gbogbo rẹ̀. Ìbíyẹmí kò rántí ìgbà tí inú ìyá rẹ̀ dùn tó báyìí rí. Bí òjìji òrùlé ṣe ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń bá a lọ. Òjìji náà gun àtẹ̀gùn, ó kan ẹsẹ̀ Màámi, ó bo itan rẹ̀.

"Aúntí," ni Màámi wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú awò, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi mu."

Ìbíyẹmí wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Màámi?"

"Hẹn?" Ìyá náà gbé ojú sókè, ó dàrú fún ìṣẹ́jú kan, ó sì padà bọ̀. "Àwẹ̀ró ni àbí? Omi ni mo ní kí o bù fún mi."

Ó bu omi fún un. Ó dúró wò ó títí ó fi mu ún tán. Ó ní òun fẹ́ sáré lọ ra ọṣẹ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù.

"Má pẹ́ o," ni Màámi wí. "Mo fẹ́ kí á jọ wo oṣùpá. Mo ti gbàgbé bó ṣe rí."

Ìbíyẹmí kò rìn. Ó sáré. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé nítorí Màámi ni, pé èèyàn tí kò mọ ibi tó ti wá kò yàtọ̀ sí ife. Ó sọ ọ́ títí, kò gbà á gbọ́. Ohun tó ń lé e ni ohùn yẹn, ohùn tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ìdí Ògiri, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí àwòrán náà.

"Èèyàn ni," ló wí.

"A gbọ́," ni Ògiri dáhùn. Àwòrán náà sì kú lójú rẹ̀, ògiri funfun ló kù.

Ilé ti ṣókùnkùn nígbà tó padà. Màámi ti wọlé, ó ti wá ọ̀nà rẹ̀ dé bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọwọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ìbíyẹmí nawọ́ sí ibi tí iná wà, kò tíì tàn án, ó sì dúró.

Ó ń rí ojú ìyá rẹ̀.

Nínú òkùnkùn yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ń tàn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ọjọ́ tó ya àwòrán, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé láti apá kan náà sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Pélé mẹ́ta nìyí lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, òróró kan náà ń kọ mànà létí wọn, kò sàn wálẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan ilà àkọ́kọ́. Ó jìn, ó péye, ó sì tutù. Nínú ẹ̀kán òróró tó wà lókè rẹ̀, nǹkan dúdú kékeré kan wà tó dà bí orí èèyàn tó tẹ̀ bolẹ̀.

"Àwẹ̀ró?" Màámi yí ojú funfun sí i. "O ti dé. Ìwọ lo pa iná?"

"Èmi ni, Màámi." Ó mọ̀ pé ìyá òun mọ òun, èyí sì ni ohun tó sáré lọ wá. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màámi, ta ló kọ yín nílà?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn?" Màámi fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka rẹ̀ bọ́ sínú ilà, ó jáde, ó bọ́ sínú èkejì. "Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n fi òróró pa mí lójú. Ẹni náà tẹ orí bò mí, awò wà lójú rẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ fún un, kò gbọ́." Ó rọra fún ọwọ́ ọmọ rẹ̀ pọ̀, láìbínú. "Ìwọ ni, Àwẹ̀ró. Ṣé o ti gbàgbé ni?"